Agbára Apá àti Ìwé Ẹ̀rí: Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ọdún márùn-ún Ndamukong Suh ní Yunifásítì Nebraska

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

  

Ọ̀rọ̀ tí a gbé lé wa lọ́wọ́ láti sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ eré ni. Àwọn ènìyàn wa tí ó ń gbé ní Amẹ́ríkà ni ó bi ẹgbẹ́ léèrè. Wọ́n ní: Ọmọ wa ga, ara rẹ̀ le, kò sì tíì pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Àwọn olùkọ́ eré bọ́ọ̀lù láti yunifásítì orísìírísìí ti ń tẹ̀ lé e wá sí ilé wa. Wọ́n ní bí ó bá lè wá gbá bọ́ọ̀lù fún àwọn, kò ní san owó ilé ìwé, kò ní san owó oúnjẹ, kò sì ní san owó ibùgbé. Ǹjẹ́ kí a jẹ́ kí ó lọ, àbí kí a kọ̀?

A ti gbọ́ ìdáhùn oríṣi méjì. Àwọn òbí kan ní àwọn kò bí ọmọ kí ó wá di oníjàkadì lóko òyìnbó, wọ́n ní ìwé ni àwọn rán an lọ kà. Àwọn mìíràn sì ti ń ná owó tí kò tíì dé ọwọ́. Wọ́n ti kọ́ ilé alájà mẹ́rin sínú ọkàn wọn, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà kò tíì wọ pápá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Dípò kí a máa jiyàn nínú òkùnkùn, ó dára kí a wo ẹnì kan tí ó ti rin ọ̀nà náà já, kí a wo ohun tí ó rí gbà, ohun tí ó fi sílẹ̀, àti ohun tí ó lè ti pàdánù. Ẹni tí a mú wá fún àgbéyẹ̀wò ni Ndamukong Suh, adènà iwájú tí ó gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà fún Yunifásítì Nebraska láti ọdún 2005 títí di ọdún 2009.

ILÉ TÍ A TI BÍ I

Ọmọ yìí kì í ṣe Yorùbá, a kò sì ní fi agbára sọ ọ́ di ọmọ wa. Ṣùgbọ́n kò jìnnà sí wa púpọ̀. Ará Kamẹrúùnù, aládùúgbò wa ní ìhà ìlà-oòrùn, ni bàbá rẹ̀. Ará Jàmáíkà ni ìyá rẹ̀. Ìlú Portland ní ìpínlẹ̀ Oregon ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ kẹfà oṣù kìíní ọdún 1987. Iṣẹ́ olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń ṣe. Bàbá rẹ̀ ti fi ìgbà kan gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ní Jámánì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sì gbá a títí ó fi gbá fún orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ yìí ni òun náà kọ́kọ́ mọ̀ ní kékeré kí ó tó yà sí ti àwọn ará Amẹ́ríkà.

Àwọn àgbà ní ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Orúkọ bàbá ńlá rẹ̀, tí a ròyìn pé ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà méje lọ, ni a fi sọ ọmọ náà. Ìtumọ̀ Ndamukong ní èdè àwọn ènìyàn bàbá rẹ̀ ni Ilé Ọ̀kọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń bí ọmọ ní òkè òkun, tí ẹ ń kùn pé orúkọ wa yóò le jù lẹ́nu òyìnbó, ẹ gbọ́ èyí: ní ọdún 2009, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbẹ̀ àti ọ̀mọ̀wé ní Nebraska ń pe Ndamukong láìkọsẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó ń jẹ́ ẹ ti sọ ọ́ di orúkọ tí ó yẹ kí ènìyàn mọ̀ ọ́n pè. Iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ni ó ń mú kí orúkọ rọrùn lẹ́nu aráyé.

BÍ ERÉ NÁÀ TI RÍ

Nítorí àwọn àgbà wa tí wọn kò tíì rí eré yìí rí, ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé rẹ̀ ní ṣókí. Ènìyàn mọ́kànlá ni ó ń dúró ní ìhà kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé bọ́ọ̀lù tiwọn ní ọ̀pọ̀ ìgbà, bọ́ọ̀lù náà sì ṣe ṣóńṣó ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Pápá náà gùn ní 100 yáàdì. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ànfààní ìgbà mẹ́rin láti gbé e síwájú ní yáàdì mẹ́wàá. Bí wọ́n bá ṣe é, a ó tún fún wọn ní ìgbà mẹ́rin mìíràn. Bí wọn kò bá lè ṣe é, bọ́ọ̀lù bọ́ sọ́wọ́ alátakò.

Ẹnì kan wà láàrin àwọn tí ó ní bọ́ọ̀lù tí ó dàbí atọ́kùn wọn. Òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi bọ́ọ̀lù lé lọ́wọ́, òun ni yóò sì yàn bóyá kí òun jù ú sí ẹni tí ó wà lókèèrè ni, tàbí kí òun fi lé ẹni tí yóò gbé e sáré lọ́wọ́. Níwájú atọ́kùn yìí ni àwọn géńdé márùn-ún máa ń tò sí bí ògiri. Iṣẹ́ adènà iwájú ni láti ya ògiri náà, kí ó sì dá atọ́kùn tàbí ẹni tí ó gbé bọ́ọ̀lù dúbúlẹ̀ kí ó tó rí ibi lọ. Ẹni tí ó ti rí gídígbò rí yóò mọ ohun tí à ń wí, àfi pé níhìn-ín, ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta lè kọlu ọ̀kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà. Adènà tí ó dúró ní àárín gan-an, tí í ṣe ipò Suh, ni ìyà máa ń jẹ jù. Kì í sábà gbé bọ́ọ̀lù, a kì í sábà pe orúkọ rẹ̀, àwọn ẹlòmíràn ni ó sì máa ń gba ìyìn ohun tí òun fi èjìká ṣe. Ìdí nìyí tí ohun tí a fẹ́ sọ yìí fi jẹ́ ìyanu.

ỌDÚN MẸ́TA TÍ KÒ DÙN

Ìlú Lincoln ni Yunifásítì Nebraska wà, láàrin gbùngbùn ilẹ̀ àgbàdo. Àwọn abó-àgbàdo ni wọ́n tilẹ̀ ń pe ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wọn. Kò sí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù olówó iṣẹ́ ńlá ní ìpínlẹ̀ náà, nítorí náà ọmọ yunifásítì ni gbogbo ìlú ń wò. Láti ọdún 1962 ni wọ́n ti ń ta gbogbo ìwé ìwọlé pápá wọn tán ní gbogbo ìdíje, àwọn ènìyàn tí ó lé ní 80,000 ni ó sì ń wọ aṣọ pupa wá síbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé ní àkókò Suh.

Ní ọdún 2005 tí ó dé ibẹ̀, ìdíje méjì péré ni ó gbá kí orúnkún rẹ̀ tó yẹ̀, tí wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ó jókòó ní gbogbo ìyókù ọdún náà. Òfin eré yunifásítì nígbà náà gba ọmọ láàyè láti gbá bọ́ọ̀lù fún ọdún mẹ́rin láàrin ọdún márùn-ún, nítorí náà ọdún tí ó fi jókòó kò ṣòfò fún un. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí ọdún karùn-ún yẹn ni yóò wá di orí ìtàn.

Ní ọdún 2006, ó ń wọlé gẹ́gẹ́ bí igbákejì fún àwọn àgbà rẹ̀. Ní ọdún 2007, ó di ọ̀kan nínú àwọn tí ó ń bẹ̀rẹ̀ eré, ṣùgbọ́n ọdún náà korò. Ìdíje márùn-ún ni wọ́n borí, wọ́n sì pàdánù méje. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá ọdún náà, àwọn ará Kansas gba 76 lé wọn lórí sí 39. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ènìyàn wa: àwọn adènà ni iṣẹ́ wọn jẹ́ kí alátakò má wọlé, alátakò sì wọlé títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Kí ọdún tó parí, wọ́n ti lé olùkọ́ eré àgbà tí ó mú Suh wá sí yunifásítì náà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Suh fúnra rẹ̀ dá atọ́kùn dúbúlẹ̀ ní gbogbo ọdún náà. Bí a bá kọ ìtàn rẹ̀ ní òpin ọdún 2007, kò sí ẹni tí yóò ka ojú ìwé kejì.

Olùkọ́ tuntun tí ó dé, Bo Pelini, jẹ́ ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ìdènà dunjú. Ní ọdún 2008, ọmọ tí a ti ń wò bí géńdé lásán di ọlọ́gbọ́n nínú iṣẹ́ rẹ̀. Òun, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní àárín agbo, ni ó gbé ènìyàn ṣubú jù nínú gbogbo ẹgbẹ́ náà: ìgbà 76. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó já bọ́ọ̀lù gbà lójú òfuurufú tí ó sì gbé e sáré dé òpin pápá, ohun tí a kì í retí lọ́dọ̀ ẹni tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 300 pọ́n-ùn. Ọ̀kan nínú méjèèjì ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìdíje wọn pẹ̀lú Colorado fẹ́ parí, tí ó fi èdìdì dì í. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2009, wọ́n borí Clemson pẹ̀lú 26 sí 21, wọ́n sì fi ìborí mẹ́sàn-án àti ìpàdánù mẹ́rin parí ọdún.

ÌPINNU

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa fẹ́ dé nìyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún Suh láti fi yunifásítì sílẹ̀, kí ó sì lọ máa gbá bọ́ọ̀lù fún owó. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà ti ń dárúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tí a ó kọ́kọ́ ṣà. Mílíọ̀nù dọ́là ń pè é. Ní yunifásítì, kò sí owó oṣù. Ohun tí òfin ìgbà náà fàyè gbà kò ju owó ilé ìwé, ibùgbé, oúnjẹ àti ìwé kíkà lọ. Orúnkún tí a sì ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún lè tún yẹ̀ nígbàkígbà.

Síbẹ̀, ó padà. Ó kù díẹ̀ kí ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ nínú ìmọ̀ àbójútó iṣẹ́ ilé kíkọ́, ó sì fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ó tún mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ òun kò tíì pé.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá yan ọ̀nà yìí ni ó ń rí èrè níbẹ̀. Ọmọ Yorùbá kan wà, Adewale Ogunleye, tí a bí ní New York, tí òun náà jẹ́ adènà iwájú, tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún Yunifásítì Indiana. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó dára jù ní agbègbè rẹ̀ ni. Ní ọdún ìkẹyìn rẹ̀ níbẹ̀, ọdún 1999, orúnkún rẹ̀ bàjẹ́. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ olówó iṣẹ́ ń ṣa ọmọ ní ọdún 2000, wọ́n ka orúkọ títí, wọn kò ka tirẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni ó gbà wọ inú ẹgbẹ́ Miami, ó tọ́jú ara rẹ̀, ó sì ṣe sùúrù. Ní ọdún 2003, ó dá atọ́kùn dúbúlẹ̀ ní ìgbà 15. Ògún lé e yẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé àwọn tí orúnkún wọn yẹ̀ tí wọn kò sì dìde mọ́ pọ̀ ju àwọn tí ó dìde lọ, a kì í sì í kọ orúkọ tiwọn sínú ìwé ìròyìn. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àwa òbí ni a ní láti bá ọmọ wo ẹ̀yìn kí ó tó ṣubú.

ÌṢẸ́JÚ-ÀÁYÁ KAN

Ní ọdún 2009 tí ó padà, kò sí ẹni tí ó lè dí i lọ́nà. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá, wọ́n wà ní ilé Missouri nínú òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ìdá mẹ́rin tí ó kẹ́yìn, òdo ni Nebraska ní sí 12. Suh gba bọ́ọ̀lù jábọ́ lọ́wọ́ atọ́kùn wọn, ó tún já òmíràn gbà lójú òfuurufú; kí òjò tó dá, Nebraska ti gba 27, Missouri kò sì kúrò lórí 12.

Ìdíje tí a kò lè gbàgbé ni ti ọjọ́ karùn-ún oṣù kejìlá ọdún náà, ní Arlington ní ìpínlẹ̀ Texas, níbi tí wọ́n ti ń du ipò aṣáájú gbogbo agbègbè wọn. Yunifásítì Texas ni wọ́n bá pàdé, tí ẹnikẹ́ni kò tíì borí ní gbogbo ọdún náà. Suh gbé ènìyàn ṣubú ní ìgbà 12. Ó dá Colt McCoy, atọ́kùn Texas tí òkìkí rẹ̀ kàn, dúbúlẹ̀ ní ìgbà mẹ́rin àti ààbọ̀. Ààbọ̀ náà jẹ́ èyí tí òun àti ẹlòmíràn jùmọ̀ ṣe. Nígbà kan, ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo fì í sílẹ̀ bí ẹni ń fi aṣọ sílẹ̀. Nebraska kò lè gbé bọ́ọ̀lù wọlé rárá ní ọjọ́ náà; ẹsẹ̀ ni wọ́n fi gbá a gba àárín òpó ní ìgbà mẹ́rin tí wọ́n fi ní 12. Texas ní 10.

Nígbà náà ni McCoy ju bọ́ọ̀lù jáde kúrò ní pápá. Aago tí ó wà lókè fi òdo hàn. Àwọn ọmọ Nebraska sá wọ pápá, wọ́n rò pé àwọn ti borí. Àwọn onídàájọ́ eré tún àwòrán wò, wọ́n ní bọ́ọ̀lù ti kan ìta kí àkókò tó pé, wọ́n sì dá ìṣẹ́jú-àáyá kan padà sórí aago. Nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan yẹn, Texas gbá bọ́ọ̀lù láti 46 yáàdì gba àárín òpó. 13 sí 12. Ẹgbẹ́ tí Suh ti fi gbogbo ara rẹ̀ gbé dúró pàdánù.

Ẹ̀yin èwe wa, kí ni ọmọkùnrin náà ṣe lẹ́yìn èyí? Ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ó wà ní New York láàrin àwọn márùn-ún tí a pè síwájú fún àmì-ẹ̀yẹ Heisman, tí ó ga jù fún ọmọ yunifásítì tí ń gbá bọ́ọ̀lù náà. Ó ṣe ipò kẹrin. Àwọn tí ó ń gbé bọ́ọ̀lù ni ó sábà máa ń gbà á. Kí adènà iwájú tilẹ̀ jókòó níbẹ̀ jẹ́ ohun tí ó ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ìròyìn Associated Press yàn án gẹ́gẹ́ bí eléré yunifásítì tí ó dára jù ní ọdún náà. Láti ọdún 1998 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àmì-ẹ̀yẹ yìí, òun ni adènà àkọ́kọ́ tí ó gbà á. Ó tún gba àmì-ẹ̀yẹ Outland, Lombardi, Nagurski àti Bednarik ní ọdún kan náà. Ní ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù kejìlá, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ borí Arizona ní San Diego, 33 sí òdo. Àwọn tí a gba 76 wọlé fún ní ọdún 2007 ni kò jẹ́ kí Arizona rí ẹyọ kan.

ÌWÉ Ẹ̀RÍ ÀTI Ẹ̀BÙN

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí ó gbà ní oṣù kejìlá ọdún 2009 yẹn, èyí tí àwa ń tọ́ka sí ni ìwé ẹ̀rí ilé ìwé. Láàrin ariwo àmì-ẹ̀yẹ àti omijé Arlington, ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì gba oyè rẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ yunifásítì náà. Ilé tí a ń kọ́ ni ó kọ́ nípa rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn bàbá wa wí: ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ìyá rẹ̀ olùkọ́ kò bí ọmọ tí a kò kọ́.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2010, ọjọ́ díẹ̀ kí ẹgbẹ́ olówó iṣẹ́ kankan tó yàn án, a kéde ẹ̀bùn tí ó jẹ́jẹ̀ẹ́ fún yunifásítì náà: mílíọ̀nù dọ́là 2.6. Mílíọ̀nù méjì jẹ́ ti ẹ̀ka eré ìdárayá. 600,000 dọ́là jẹ́ owó ìrànwọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. A ṣètò ti ìkẹyìn yìí lọ́nà tí a kì í fi í ná ìyá owó. Èrè orí rẹ̀ ni a ó máa fi ran ọmọ lọ́wọ́ láti ọdún dé ọdún. Kò sí ẹni tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Nebraska rí, títí di ìgbà náà, tí ó dá fi irú owó bẹ́ẹ̀ tọrẹ. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù náà, ẹgbẹ́ Detroit yàn án ṣe ẹnì kejì nínú gbogbo àwọn tí a ṣà ní Amẹ́ríkà. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Kí a má baà rò pé áńgẹ́lì ni a ń ròyìn, ẹ jẹ́ kí a sọ èyí pẹ̀lú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2011, nígbà tí ó ti di olówó, ó tẹ alátakò tí ó wà nílẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ìbínú lójú gbogbo Amẹ́ríkà, a sì dá a dúró fún ìdíje méjì láìsanwó. Agbára tí a fi ń jẹun náà ni ìbínú máa ń yá lò. Kí àwọn ọmọ wa má ṣe gbàgbé.

OHUN TÍ A NÍ LÁTI BI ÀWỌN OLÙKỌ́ ERÉ

Nítorí náà, ìdáhùn wa sí àwọn òbí kò jẹ́ "ẹ kọ̀," kò sì jẹ́ "ẹ gbà" lásán. Ìdáhùn wa ni pé: ẹ béèrè. Bí olùkọ́ eré bá jókòó sí yàrá yín, ẹ fún un ní omi tútù, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè mẹ́rin.

Èkíní: Ọdún mélòó ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà? Ní àkókò Suh, ọdún kan ni wọ́n máa ń fi ọwọ́ sí, wọn a sì tún un ṣe bí ó bá wù wọ́n. Láti ọdún 2012 ni òfin ti gba yunifásítì láàyè láti ṣèlérí ọdún púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kí ó wà nínú ìwé.

Èkejì: Bí ọmọ wa bá fara pa, ta ni yóò tọ́jú rẹ̀, ǹjẹ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ yóò sì máa bá a lọ? Orúnkún nìkan kọ́ ni a ń sọ. Àwọn oníṣègùn ti fi hàn pé orí tí a ń gbá léraléra lè ba ọpọlọ jẹ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Òbí tí kò bá béèrè èyí kò tíì béèrè ohunkóhun.

Ẹ̀kẹta: Ẹ̀kọ́ wo ni yóò kọ́? Ọ̀pọ̀ ọmọ ni a máa ń darí sí ẹ̀kọ́ tí ó rọrùn kí àkókò eré má baà dí. Suh kọ́ iṣẹ́ tí ó lè fi jẹun bí orúnkún rẹ̀ kò bá gbé e mọ́. Kí ọmọ wa náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹrin: Owó ńkọ́? Ayé ti yí padà. Láti oṣù keje ọdún 2021, òfin ti gba eléré yunifásítì láàyè láti fi orúkọ àti àwòrán rẹ̀ gba owó. Láti oṣù keje ọdún 2025, yunifásítì fúnra rẹ̀ lè san owó fún un. Èyí dára, nítorí àwọn tí ó ń kún pápá kò wá wo ìwé ẹ̀rí, àwọn ọmọ ni wọ́n wá wò. Ṣùgbọ́n ó léwu. Ọmọ ogún ọdún tí owó bá kún ọwọ́ rẹ̀ nílò àgbà tí yóò bá a ka ìwé àdéhùn. Ẹni tí ó bá sì fi ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́ wọ Amẹ́ríkà láti ilé, kí ó kọ́kọ́ bá amòfin sọ̀rọ̀ kí ó tó gba kọ́bọ̀, nítorí òfin ìwọ̀lú lè dí i lọ́wọ́ láti gba ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbà.

ÌPARÍ

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni a fẹ́ kí a fi sínú àpò lọ sílé. Fún ẹ̀yin èwe: ọdún mẹ́ta tí kò sí ìyìn ni ó bí ọdún kan tí ìyìn kún, ẹ má ṣe kúrò lórí iṣẹ́ yín nítorí ọdún 2007 tiyín. Fún ẹ̀yin òbí: ẹ má ṣe kẹ́gàn agbára apá, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rà á lọ́wọ́ ọmọ yín láìfi ẹ̀kọ́ dí i. Ìṣẹ́jú-àáyá kan lè gba ìborí lọ́wọ́ ènìyàn, bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní Arlington, ṣùgbọ́n kò sí aago tí ó lè gba ìwé ẹ̀rí padà.

Fún ẹgbẹ́ wa lápapọ̀: owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ tí a ń dá, ọdọọdún ni a ń ná an tán, ọdọọdún ni a sì ń bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni Suh nígbà tí ó fi owó tirẹ̀ gbin igi tí a ó máa ká èso rẹ̀ láìgé e. A dábàá níwájú ìpàdé yìí pé kí a ya apá kan sọ́tọ̀ nínú owó tí a ó dá lọ́dún yìí, kí a má ṣe ná an, kí a fi sí ibi tí yóò máa pa èrè, kí èrè náà sì máa rán ọmọ kan lọ sí ilé ìwé gíga, ì báà jẹ́ ọmọ tí apá rẹ̀ le tàbí èyí tí orí rẹ̀ pé. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní òkè òkun, ẹ na ọwọ́ tiyín. Àwa tí a wà nílé yóò na tiwa.